Ìdọ̀bálẹ̀ Káyọ̀dé Níwájú Chairman

Ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò láyé ẹ̀rọ tó ń yẹ káàdì wò, ẹ máa ń ráhùn fún mi pé ìdìbò yín ò dáa. Òótọ́ lẹ sọ, kò dáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí kí ẹ̀rọ yẹn tó dé, nígbà tó jẹ́ pé tàdáwà orí ìka àti àpótí oníke nìkan la gbójú lé, ní Port Harcourt níbí, ní D-Line, ní òpópónà tí mo ṣì ń gbé dòní. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti bá wọn ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, mo ti bá wọn yan iṣẹ́ lódì, wọ́n ti yin tajútajú sí mi lójú lẹ́nu géètì ìjọba. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó dẹ́rù bà mí tó àárọ̀ Sátidé kan ṣoṣo yẹn.

Ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé ni. Ìyá rẹ̀ àti èmi la jọ ń lọ sí ìsìn Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ará Ìkìrun ni obìnrin náà, opó ni, aṣọ òkìrìkà ló ń tà. Port Harcourt ló bí Káyọ̀dé sí, ọmọ náà ò sì gbọ́ Yorùbá tó yanrantí. Ìyá rẹ̀ á pè é lédè wa, á fi Píjìn dáhùn. Ohun kan tí obìnrin náà ò gbà fún un ni ìkíni. A máa ní, "Yorùbá lè má sí lẹ́nu ẹ, àyà ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n." Bí àgbàlagbà bá ti yọ, àyà ọmọ yẹn á ti kanlẹ̀, ì báà ṣe orí símẹ́ǹtì, ì báà ṣe inú ẹrẹ̀. Àwọn ọmọ Ikwerre, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Kay, wetin you lost for ground?" Á dìde, á gbọn yanrìn nù, á bá eré rẹ̀ lọ.

Ìgbà tó bàlágà ló bọ́ sọ́wọ́ Chairman. Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà. Ó ti ṣe alága ìbílẹ̀ kan rí, orúkọ oyè yẹn sì lẹ̀ mọ́ ọn títí irun rẹ̀ fi funfun. Òun ló ní àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé àpótí ìbò sá, Káyọ̀dé sì di ọ̀kan nínú wọn. Ọlọ́pàá mú un tòun ti àpótí lọ́wọ́. Chairman ò yọjú sí kóòtù, kò rán lọ́yà, kò tilẹ̀ rán omi mímu. Ọmọ náà pẹ́ lẹ́wọ̀n débi pé ìyá rẹ̀ kú kó tó jáde. Lórí ibùsùn àìsàn lobìnrin náà ti di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyá Títí, bó bá jáde, má jẹ́ kí wọ́n tún gbà á lọ." Mo ní mo gbọ́. Ta ni yóò sọ pé òun ò gbọ́ nírú àsìkò yẹn?

Ó jáde, ó rù hangogo. Iṣẹ́ bàtà ló kọ́ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Mo fún un ní igun kan lẹ́nu géètì mi, ó gbé àga síbẹ̀, ó ń rán bàtà fún gbogbo òpópónà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọjọ́ tí èèyàn bá jáde lẹ́wọ̀n ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀ parí. Kò sí onílé tó fẹ́ fún un ní yàrá. Bí gáàsì ẹnìkan bá sọnù, ojú á yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa gan-an, bí igbá ọrẹ bá ti dé ìlà tó jókòó sí, màá rí aṣọ́nà kan tí yóò rọra sún mọ́ ibẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Mo kórìíra òwe yẹn. Àwọn àgbà ò ro tẹni tó fẹ́ yí padà kí wọ́n tó pa á.

Ní ọdún ìdìbò tí mò ń sọ, àwa kan kó ara wa jọ láti ṣọ́ ìbò wa. Olùkọ́ wà níbẹ̀, oníṣòwò wà níbẹ̀, ọ̀dọ́ wà níbẹ̀. "Stand By Box" là ń pe ara wa. Bí a bá dìbò tán, a ò ní lọ sílé. A máa dúró ti àpótí títí wọn yóò fi kà á lójú wa. Papa Wobo ni olórí wa, ọmọ Ikwerre, àgbàlagbà tó ti ṣe òṣìṣẹ́ èbúté rí, tí ò bẹ̀rù ọ̀gá kankan. Káyọ̀dé ní òun fẹ́ bá wa dúró. Papa Wobo mi orí.

"Madam, I respect you," ló wí fún mi. "But goat wey don chop yam before, you no dey tie am for barn."

"Papa, pikin no be goat!"

"I hear. Make e come vote like everybody. Make e no near my box."

Inú mi ru, àmọ́ Káyọ̀dé ní kò burú, òun gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, ní ọ̀sán gangan, jíìpù onígíláàsì dúdú kan dúró lẹ́nu géètì mi. Mò ń ṣa ẹ̀wà lójú fèrèsé, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọkùnrin kan yí gíláàsì sílẹ̀.

"Kay. Chairman dey greet you. E say work dey Saturday."

Káyọ̀dé ò gbé ojú kúrò lára bàtà. "Tell am say I thank am. I get work."

"Which work? Shoe?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ Káyọ̀dé pẹ́ títí. "Okay. Na which leg you dey like pass?"

Wọ́n wa ọkọ̀ lọ. Ẹ̀wà bọ́ dà nù lọ́wọ́ mi. Káyọ̀dé wọlé wá bu omi sínú ife.

Mo ní, "Káyọ̀dé, lọ sí Ìkìrun. Lọ lónìí yìí."

"Who I know for Ikirun, Mummy? Even the Yorùbá sef, dem go laugh me." Ó gbé ife sílẹ̀. "If I follow dem, prison. If I no follow dem, na burial. I know."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, pẹ̀lú ohùn bí ti ọmọ kékeré tó ń kàwé níwájú kíláàsì: "Mo fẹ́ dìbò." Ó tún padà sí Píjìn. "I don thumbprint for people wey don die. Bundle upon bundle. I never thumbprint for Kayode one day."

Mo fún un láyè ní pálọ̀ mi láti ìgbà náà. Bí mọ́tò kan bá rọra kọjá, àwa méjèèjì á dá ọ̀rọ̀ dúró títí yóò fi lọ. Títí ọmọ mi ń pè mí láti Ìbàdàn pé, "Mọ́mì, ẹ má jáde lọ́jọ́ yẹn," mò ń purọ́ fún un pé mi ò ní jáde.

Ọjọ́ pé. Òjò ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo iwájú ilé-ìwé tí a ti ń dìbò di ẹrẹ̀. Àgùnbánirọ̀ kan ló wà nídìí tábìlì, ọmọ wa ni, Ọlámidé lórúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹdẹ. Nígbà tó gbọ́ pé Yorùbá ni mí, ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ọlọ́pàá yín dà?"

"Ó ní òun fẹ́ lọ jẹun, mà."

"Láàárọ̀ kùtù yìí? Á yó o."

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ẹ̀rù ni. Ìlà gùn. Káyọ̀dé wà láàárín, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì di káàdì rẹ̀ mú. Ìlà ń lọ, ó ń sún mọ́ iwájú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ nínú ọkàn mi.

Ìgbà náà ni jíìpù dé. Chairman sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀wù funfun gígùn, fìlà dúdú, ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́. Òfin ò gbà á láyè níbẹ̀, ta ni yóò sọ fún un? Ó ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ó ń kí àwọn èèyàn bí ẹni tó ń kí àlejò nílé òkú. Ó rìn títí, ó dúró níwájú Káyọ̀dé.

Kí n tó ṣẹ́jú, Káyọ̀dé ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀.

Ẹ gbọ́, Yorùbá ni ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀rù ò bà yín. Lójú tiwa, ọmọ rí àgbàlagbà, ó kí i, ó tán. Bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀tá rẹ ni, bó bá tó bí ọ, o ó kí i ná kí ẹ tó máa bá ìjà yín lọ. Àmọ́ Ikwerre ò dọ̀bálẹ̀. Lójú gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà yẹn, ẹni tó bá da àyà délẹ̀ fún Chairman, ẹrú Chairman ni. Chairman náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹnu ọ̀pá kan ẹ̀yìn Káyọ̀dé jẹ́jẹ́, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo ayé lè gbọ́: "My son. Well done. I no forget you." Ó wọ jíìpù rẹ̀, ó lọ.

"So na him!"

"Na dem plant am! E wan carry box!"

Káyọ̀dé ò rí àyè dìde. Papa Wobo ló kọ́kọ́ dì í lọ́rùn mú mọ́lẹ̀. Àwọn tó kù bò ó, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo pariwo, "Na greeting! For Yoruba na so we dey greet!" Obìnrin tí mo ń ra edé lọ́wọ́ rẹ̀ kọjú sí mi, ojú rẹ̀ pọ́n: "Who dey greet person like that if no be im oga? Una be one! Una don sell us!" Ẹnìkan gbá mi nígbọ̀nwọ́ ní àyà. Mo sì gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn tó ní, "Bring tyre."

Mo rí i. Wọ́n ń yí táyà bọ̀ láti ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà tó wà lódìkejì títì. Òórùn bẹntiróòlù gba imú mi. Èmi tí mo dúró níwájú sójà nígbà ìyanṣẹ́lódì, ẹsẹ̀ mi fẹ́ sá. Ojú Káyọ̀dé wà nínú ẹrẹ̀, kò tilẹ̀ ké. Mo rò ó pé, mo ti jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ, ìyá ọmọ yìí á bi mí.

Ọlámidé ló dìde. Ó fi tábìlì sílẹ̀, ó sáré wá, tòun ti kákì àgùnbánirọ̀ rẹ̀, ó na gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú Papa Wobo.

"Papa, I no know you!" ló wí. "You no be my oga. You never give me anything. But you old pass my papa, so see me for ground. Na so our mama train us. Na only so!"

Òṣìṣẹ́ báńkì kan wà lórí ìlà, ará Ìjẹ̀bú, ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ fínnífínní. Ó wo ṣòkòtò, ó wo táyà, ó mí kanlẹ̀, òun náà dọ̀bálẹ̀. Èmi kúnlẹ̀. Orúnkún mi rì sínú ẹrẹ̀ tútù. Papa Wobo ń wo ẹ̀yìn Ọlámidé, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn Káyọ̀dé. Ọwọ́ náà tú díẹ̀díẹ̀.

"Make una leave am," ló wí. "I say make una leave am."

Ibẹ̀ la wà tí ìbọn fi dún. A yíjú. Àwọn ọkùnrin kan tó ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ níwájú ìlà láti àárọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, ti gbé àpótí àti gbogbo ìwé ìbò sínú mọ́tò. Kò sí ẹni tó wà nídìí tábìlì. Gbogbo àwa Stand By Box, kò sí ọ̀kan tó dúró ti box. Ìbọn tún dún, oníkálukú wá ọ̀nà. Ìgbà tí mo padà gbójú sókè, ọlọ́pàá ń bọ̀, ó ń nu ẹnu.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ka èsì. Ibùdó tiwa fún ẹgbẹ́ Chairman ní ìbò rẹpẹtẹ. Àwa tí a ò rí ìbò dì, wọ́n ti bá wa dì í.

Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ò tíì rọlẹ̀ tí ọlọ́pàá fi wá gbé Káyọ̀dé lẹ́nu géètì mi. Wọ́n ní òun ló gbé àpótí. Wọ́n nílò ẹnìkan, ẹ̀wọ̀n àtijọ́ sì ti bá wọn yan ẹni náà. Ọ̀gá tó wà ní kàńtà àgọ́ ọlọ́pàá wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Madam, if e no carry box, bring person wey see am for another place that time."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ta ló rí i? Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Kí wọ́n tó lè gbà á là, wọ́n máa ní láti sọ lẹ́nu ara wọn pé, àwa là ń pa á lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbé àpótí.

Mo bi Káyọ̀dé lẹ́yìn irin pé ta àti ta ló rí. Ó ní òun ò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Na shoe I see, Mummy. And all the shoe, na me sew am." Ó dárúkọ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, sálúbàtà aláwọ̀ pupa tí òun pààrọ̀ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, bàtà kánfáàsì tí òun lẹ̀ ní ẹnu, bàtà ọ̀gbẹ́ni báyìí, bàtà ìyá lágbájá. Mo ní ó dáa, màá sọ fún ọ̀gá ọlọ́pàá. Ó di irin mú.

"Abeg, no! If police carry dem, I no fit live for that street again. Na there I wan go back. Where else I get?"

Mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Mi ò lè wo ojú èèyàn mọ́, ẹsẹ̀ ni mò ń wò. Ọkùnrin kan sọ fún mi pé òun ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, sálúbàtà aláwọ̀ pupa sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òmíràn ti ilẹ̀kùn. Obìnrin elédé sunkún, ó ní òun lọ́mọ, ó ní Chairman mọ ilé òun. Mi ò lè bú wọn tán. Ẹ̀rù tó wà lára wọn wà lára èmi náà.

Mo dé ilé Papa Wobo. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"If I talk am, dem go lock me?"

"Papa, I no know. E fit be."

Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún. Ó wọlé, ó dé fìlà, ó jáde. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Papa Wobo ò gbọ́ òwe yẹn rí láyé rẹ̀, àmọ́ ó ṣe é. Ó dúró níwájú kàńtà yẹn.

"Write am," ló wí. "That time dem carry box, this boy neck dey my hand. I wan kill am. How e go take carry box?"

Ọ̀gá náà wò ó. "Papa, you know wetin you dey talk so?"

"I know. I dey fear, but I know."

Wọ́n tì í mọ́lé. Inú yàrá kan náà ni wọ́n tì í mọ́ pẹ̀lú Káyọ̀dé. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà bí Káyọ̀dé ṣe bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀, tó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí baba náà lè jókòó. Ní ọjọ́ kejì, àwọn àgbààgbà Ikwerre kún ẹnu ọ̀nà àgọ́ náà torí Papa, obìnrin elédé náà sì tẹ̀lé wọn wá, ó pọn ọmọ, ó ní òun wà níbẹ̀, ó ní òun náà fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́pàá rí i pé ẹjọ́ náà ò ní dúró. Wọ́n tú àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Ẹ máa ń bi mí kí la rí jẹ nínú gbogbo ìjà yẹn. Káyọ̀dé ò padà sẹ́wọ̀n. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, ó fẹ́ ọmọ Okrika, wọ́n ti bímọ. Èyí la rí jẹ, kì í ṣe kékeré. Ìbò wa lọ, Chairman jẹ ohun tó fẹ́ jẹ títí ó fi sú u, títì tó ṣèlérí fún wa ni ẹ rí tó ṣì rí jágbajàgba yìí. Papa Wobo ti di olóògbé. Àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ dòní pé ètò ni wọ́n ṣe, pé ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni àmì tí wọ́n fi gbé àpótí. Bí wọ́n bá sọ ọ́ níwájú mi, mo máa ń bá wọn jà, àgbà tí mo dà yìí.

Àmọ́ bí ìdìbò bá dé, màá lọ kan ilẹ̀kùn Káyọ̀dé, màá ní, "Dìde, ká lọ." Kò bá wa lọ rí. "Mummy, make una go. I go watch shop." Kò bínú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ìlà èèyàn ń bà á lẹ́rù. Títí di òní, kò tíì tẹ ìka fún Káyọ̀dé lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ń kó bàtà wá fún un, ó ń rán an, wọ́n ń bá a ṣeré. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù yẹn láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò kó sọ pé, "Kay, stand for my front, make we go vote." Èmi nìkan ni mò ń sọ ọ́ lọ́dọọdún ìdìbò. Ẹnu tèmi sì kọ́ ló ń retí láti gbọ́ ọ.